Windows 10 ti Parí: Ṣé Kọ̀ǹpútà Tuntun Ni Ká Rà, àbí Ètò Olùdarí Ni Ká Pààrọ̀?

Bí kọ̀ǹpútà ilé yín bá ti lò ju ọdún méje lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí ìkìlọ̀ lójú rẹ̀ pé Windows 10 ti dé òpin. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft jáwọ́ lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí àti oníṣòwò kéékèèké ní Ṣógúnlé, ní Èkó níbí, ni pé, ṣé ká lọ ra òmíràn ní Ìkẹjà ni, àbí ọgbọ́n kan wà tá a lè dá sí èyí tó wà nílẹ̀? Ọgbọ́n wà. Ẹ má tíì yọ owó. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ìkìlọ̀ yìí ń bá wí, púpọ̀ ló ṣì lágbára iṣẹ́ ilé dáadáa, àwọn kan sì wà tí ó tó àkókò láti fi sílẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹ ó ṣe mọ èyí tó jẹ́ tiyín ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, irin àti wáyà ni. Ohun tó ń mú un gbọ́ràn ni èyí tí wọ́n ń pè ní operating system. Ètò olùdarí ni mo máa pè é láti ibí lọ. Ẹ wò ó bíi kiatékà nínú ilé elérò púpọ̀, irú èyí tí yàrá kọjú sí yàrá. Kiatékà ló mọ yàrá tó ṣófo, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, òun náà ló ń sọ ẹni tó kàn láti pọnmi. Àwọn áàpù tí ẹ ń lò, bíi Word àti Chrome, ni ayálégbé. Kò sí ayálégbé tó ń dédé já wọ yàrá. Ọ̀dọ̀ kiatékà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ìdí nìyí tí áàpù tí wọ́n ṣe fún ètò olùdarí kan kì í fi í ṣiṣẹ́ lábẹ́ òmíràn. Kiatékà yàtọ̀, òfin ilé yàtọ̀.

Mẹ́rin ni ẹ lè bá pàdé lọ́jà. Windows ti Microsoft ló pọ̀ jù. MacOS ti Apple kì í kúrò lára ẹ̀rọ Apple. ChromeOS jẹ́ ti Google, ó sì wà lára àwọn láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń pè ní Chromebook. Ẹ̀kẹrin ni Linux. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, àwọn ènìyàn káàkiri ayé sì ti ń bá a kọ́ ọ láti ìgbà náà. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbà á, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó fún aládùúgbò rẹ̀, kò sí ẹni tó máa mú un. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ní: Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ South Africa dá sílẹ̀ ní 2004, wà níbẹ̀, Linux Mint, tó jáde ní 2006, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí orúkọ Linux bá ṣàjèjì sí yín, ẹ mọ̀ pé orí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ Android tó wà nínú fóònù yín lé.

Kí ló wá túmọ̀ sí pé Windows 10 ti parí? Kọ̀ǹpútà yín kò kú. Á máa tàn, Word á máa ṣí, fíìmù á máa ṣeé wò. Ohun tó dúró ni àtúnṣe ààbò tí Microsoft máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Lójoojúmọ́ ni àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ihò tí wọ́n lè gbà wọlé, àtúnṣe yẹn ló sì máa ń dí ihò náà. Kiatékà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tún àgádágodo tó bàjẹ́ ṣe mọ́. Bí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe iṣẹ́ báǹkì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Microsoft fi àfikún sáà sílẹ̀ fún àwọn tó ń lò ó nílé, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti inú Settings, níbi Windows Update. Ìsinmi díẹ̀ ni èyí, kí ẹ lè ríbi ronú.

Ìlànà tí mo fara mọ́ jù ni pé kí iṣẹ́ yan ètò olùdarí, kí ètò olùdarí sì yan ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń yí i po: a rí láptọ́ọ̀pù tó ń dán, a rà á, ìgbà tó délé tán la wá ń bèèrè ohun tó lè ṣe. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nínú ilé yín sílẹ̀, ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ, kí ẹ sì kọ orúkọ áàpù tí ẹ fi ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ìwé kíkọ, ímeèlì, YouTube, WhatsApp, iṣẹ́ àṣetiléwá, fọ́ọ̀mù ìjọba àti ojú-òpó báǹkì ló kún bébà yẹn, ẹ ní òmìnira. Inú Chrome tàbí Firefox ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń ṣẹlẹ̀, méjèèjì sì wà lórí Windows, Mac àti Linux. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nílé bá ń fi CorelDRAW ṣe káàdì ìpè àti bánà, tàbí tó ń fi Photoshop ṣe fọ́tò, tàbí tó ń fi AutoCAD yàwòrán ilé, ẹ má ṣe sún kúrò nídìí Windows, àfi bí agbára yín bá ká Mac. Àwọn tó ni áàpù wọ̀nyẹn kò ṣe ti Linux jáde lónìí. Àwọn kan á ní ọgbọ́n wà láti fi tipá tì wọ́n wọlé. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun kò gbọdọ̀ gbé e lé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ti JAMB tún nìyí, nítorí kò sí ilé tí kì í bèèrè rẹ̀. Láti ọdún 2015 ni gbogbo UTME ti kúrò lórí bébà, tó di ti kọ̀ǹpútà pátápátá. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù ìgbaradì tí wọ́n ń tà lórí fíláàṣì, Windows nìkan ni wọ́n mọ̀, nítorí náà ẹ bi ẹni tó tà á kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ nílò ní gbọ̀ngàn ìdánwò kò le: JAMB ti ṣe é débi pé kọ́kọ́rọ́ mẹ́jọ péré, A, B, C, D, N, P, S àti R, ti tó láti fi dáhùn ìbéèrè kó sì fi sílẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ kíbọ́ọ̀dù nílé, ìbáà jẹ́ lórí Linux, kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ara ẹ̀rọ yín. Windows 11 ń béèrè ohun méjì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Èkíní ni TPM 2.0, ẹ̀yà kékeré kan tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́ lẹ́tà R, ẹ kọ tpm.msc, kí ẹ sì tẹ Enter. Bí ẹ bá rí 2.0 nísàlẹ̀ ojú-ewé tó ṣí, ó wà. Èkejì ni processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ ti Intel, ìran kẹjọ lọ sókè ni Windows 11 ń gbà, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ lára ìran keje.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìran? Ẹ wo orúkọ ọpọlọ náà nínú Settings, lábẹ́ System, níbi About. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì ìfàlà ni kí ẹ kà. i5-7200U: 7 ló ṣáájú, ìran keje ni. i5-8250U: 8 ló ṣáájú, ìran kẹjọ ni. Bí ẹ bá bá 10 tàbí 11 pàdé níbẹ̀rẹ̀, bíi i7-10510U tàbí i5-1135G7, ìran kẹwàá àti ìkọkànlá nìyẹn. Ẹ kọ́ kíkà yìí dáadáa, nítorí i5 tàbí i7 nìkan ni ọ̀pọ̀ òǹtajà máa ń pariwo. Core i7 ìran kẹrin wà, Core i5 ìran kọkànlá náà wà, ti ìkẹyìn yìí sì ju ti ìṣáájú lọ fíìfíì.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fipá gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò tóótun, wọ́n á wá tà á bí ẹni pé kò sí wàhálà. Microsoft ti sọ ọ́ gbangba pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àtúnṣe ààbò. Bẹ́ẹ̀, torí àtúnṣe ààbò la ṣe ń sá kúrò lórí Windows 10.

Bí ẹ̀rọ yín bá yege, ẹ gba Windows 11 láti inú Windows Update. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí Windows 10 rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, ọ̀rọ̀ sì tán. Bí kò bá yege, tí bébà iṣẹ́ yín kò sì ní CorelDRAW àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú, Linux ló kàn.

Kí wọ́n fi Linux sí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ Nàìjíríà kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣètò láti ra nǹkan bí 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ṣe fún ilé-ìwé, Classmate PC, pẹ̀lú Mandriva, ẹ̀yà Linux kan láti ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, wá gbọ́ pé Windows ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á. Ó kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ariwo sì ta káàkiri ayé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kì í bára wọn fa irú èyí lásán. Ètò olùdarí tí ọmọ bá fi kọ́kọ́ mọ kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń bá dàgbà, tó sì máa ń sanwó lé lórí tó bá yá. Ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin òbí lẹ máa yàn án.

Ohun tó mú mi fẹ́ràn Linux fún ìdílé ni pé ẹ lè tọ́ ọ wò láìfọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ wá fíláàṣì tó tó 8GB tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ máa pa rẹ́. Ẹ gba fáìlì Linux Mint láti ojú-òpó tiwọn gan-an. Ó tó bíi 3GB, nítorí náà dátà òru ló dára jù. Ẹ fi áàpù ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Rufus kọ fáìlì náà sórí fíláàṣì. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tan án padà, kí ẹ sì máa tẹ F12 léraléra tó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, F9 tó bá jẹ́ HP. Níbi àkọsílẹ̀ tó yọ, ẹ mú fíláàṣì náà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Mint á ṣí láti orí fíláàṣì, Windows yín á sì wà níbi tó wà.

Ẹ má kàn wò ó kí ẹ ní ó rẹwà. Ẹ so ó mọ́ Wi-Fi tàbí MiFi yín. Ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde. Ẹ ṣí kámẹ́rà. Ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín mọ́ ọn, kí ẹ tẹ ojú-ewé kan jáde, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà máa ń wà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń lò ó jù jókòó sídìí rẹ̀ fún ọ̀sán kan. Bí nǹkan kan bá kọ̀, ẹ yọ fíláàṣì, ẹ tan kọ̀ǹpútà padà, kò sí ohun tó sọnù. Yóò lọ́ra díẹ̀ nítorí orí fíláàṣì ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá wọnú kọ̀ǹpútà tán, á yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo fọ́tò àti ìwé yín sórí háàdì dísìkì ìta kí ẹ tó tẹ Install. Ó máa bi yín bóyá kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows tàbí kó nu gbogbo rẹ̀. Mo gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó jẹ́ kí méjèèjì jọ wà fún oṣù mélòó kan. Nígbàkigbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, yóò bèèrè èyí tí ẹ fẹ́.

Mi ò ní fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́ fún yín. Kò sí Microsoft Office níbẹ̀. LibreOffice ni ẹ ó máa lò. Ó ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń tọ́jú u padà bíi Word, ṣùgbọ́n ìlà àti tábìlì lè yẹ̀ kúrò ní ààyè wọn. Bí ẹ bá ń fi lẹ́tà ìwáṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di PDF kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìṣòro kejì wúwo jù ú lọ: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò, Windows nìkan ni wọ́n mọ̀, tí ẹ bá sì gbé Linux lọ bá wọn, ó lè jẹ́ Windows ni wọ́n máa gbé wọ̀ ọ́ padà. Ó dára kí ẹnì kan nínú ilé, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, fi ọkàn sí i láti kọ́ ọ. Ní ti èdè wa, inú àkójọ kíbọ́ọ̀dù Linux ni Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà, kò béèrè kí ẹ ra nǹkan kan láti fi kọ ẹ, ọ àti ṣ. Windows náà ní tirẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé ríra ló kàn, Computer Village ní Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. Àdúgbò ilé gbígbé ni Otigba àti àwọn òpópónà tó yí i ká tẹ́lẹ̀, kí ọjà tó gbà á. Ohun tí mo máa ń sọ fún ènìyàn níbẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí rọ́bà tuntun tó wà lára àpótí fà á mọ́ra. Láptọ́ọ̀pù tuntun olówó pọ́ọ́kú, tó ní ọpọlọ Celeron àti RAM 4GB, á tètè sú yín. Tòkunbọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì ìlú òyìnbó lò fún ọdún mélòó kan, bíi Dell Latitude, HP EliteBook tàbí Lenovo ThinkPad, sàn jù ú lọ. Wọ́n ṣe wọ́n fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ̀yà ara wọn sì wọ́pọ̀ ní Ìkẹjà. RAM 8GB ni kí ẹ bèèrè, pẹ̀lú SSD tó tó 256GB. SSD ni ibi ìpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀ bíi háàdì dísìkì àtijọ́. Ó yára ju ìyẹn lọ púpọ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí láptọ́ọ̀pù bá gbọn nínú dánfó.

Ẹ tún rò ó báyìí. Àwọn ọ́fíìsì tó ń sá fún òpin Windows 10 lókè òkun kò ní fi ẹ̀rọ ìran kẹfà àti ìkeje sílé wọn. Ọjà tòkunbọ̀ sì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá. Ẹni tó nílò Windows kò gbọdọ̀ rà wọ́n, bó ti wù kí owó wọn rọ̀ tó. Ẹni tó ti tọ́ Linux wò tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn lè fi owó kékeré mú ThinkPad ìran keje tó máa sìn ín pẹ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yan ètò olùdarí ṣáájú ẹ̀rọ nìyẹn.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tan án kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport. Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tó kọ ìròyìn bátìrì sí fún yín. Ẹ ṣí i. Nọ́ńbà méjì ni ẹ ń wá: Design Capacity, agbára bátìrì nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, èyí tó kù. Bí èkíní bá jẹ́ 48,000, tí èkejì jẹ́ 30,000, bátìrì náà ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú ohun tí ẹ máa san. Ẹ pa á, ẹ tan án padà, ẹ wọ BIOS, ojú-ewé ìpìlẹ̀ tó máa ń ṣáájú Windows. Bó bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí òǹtajà kò mọ̀, ẹ gbé e padà fún un. Ẹ wo Activation nínú Settings: ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé digital license ló ní. Ẹ yí ṣájà dojú, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ INPUT sí. 100-240V ni ẹ fẹ́ rí. Iná tiwa jẹ́ nǹkan bí 230V, ohun tí wọ́n bá kọ 110V nìkan sí lára, ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, á jó.

Láptọ́ọ̀pù tàbí kọ̀ǹpútà orí tábìlì? Nítorí iná, láptọ́ọ̀pù. Ṣájà tó pọ̀ jù lára wọn kò ju 65W lọ, ìnfátà kékeré á gbé e. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, iṣẹ́ yín kò ní bá a lọ.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ta èyí àtijọ́ tàbí kí ẹ fi í ta ọrẹ, pípa fáìlì rẹ́ lásán kò tó, nítorí wọ́n ṣeé gbé dìde. Nínú Windows 10, ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Recovery, kí ẹ mú Reset this PC, lẹ́yìn náà Remove everything. Ẹ tẹ Change settings tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì tan Clean data. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ lórí háàdì dísìkì, kò sì gbọdọ̀ kú láàárín ọ̀nà, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ tí ó dá yín lójú pé iná tàbí ìnfátà máa gbé e dé òwúrọ̀.